Ibi Wà ní Ibi Yìí

Ní àárọ̀ ọjọ́ tí a lò pọ̀ kẹ́yìn, Àbẹ̀kẹ́ ìyàwó mi ní kí n bá òun fọ́ àgbọn. Ó ti se àgbàdo, ó sì fẹ́ kí a fi àgbọn jẹ ẹ́. Mo gbé àgbọn náà lé orí òkúta, mo fi òòlù lù ú lẹ́ẹ̀kan, ó fọ́ yángá, gbogbo omi rẹ̀ sì dà sílẹ̀. Ó jókòó sórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, ó ń wò mí títí mo fi ṣa àfọ́kù rẹ̀ tán.

"Bàbá Bùnmi," ó ní, "ìbàdí rẹ̀ ni wọ́n máa ń fi ẹ̀yìn ọ̀bẹ kàn yí ká, díẹ̀díẹ̀. Ẹ kì í ní sùúrù fún ohun tó bá ní omi nínú."

A jẹ àgbàdo wa. Ó ní iyọ̀ rẹ̀ dín, bí ẹni pé èmi ni mo sè é. Ní ọ̀sán, ó wọlé lọ láti na ẹ̀yìn, kò sì jí mọ́. N kò ní sọ ju èyí lọ nípa ikú rẹ̀. Ẹni tó gbẹ̀bí fún ìlú méjì, ìbí ló yẹ kí a fi rántí rẹ̀.

Ní ọ̀dọ̀ wa, ọmọ-ọmọ ló sábà ń kọ irú ìrántí báyìí. Ṣadé, ọmọ Bùnmi àkọ́bí wa, ni gbogbo ilé yàn. Ó gbìyànjú, ṣùgbọ́n oyún inú rẹ̀ ti wúwo, ẹkún kò sì jẹ́ kó lọ jìnnà. Ó wá bá mi, ó ní, "Bàbá àgbà, ohun tí mo mọ̀ nípa Màmá kò ju pé wọ́n á bá mi wí, wọ́n á sì tún bu ẹran kún oúnjẹ mi. Ẹ̀yin lẹ mọ ìyókù. Ẹ bá wa kọ ọ́." Tíṣà ni mí kí n tó fẹ̀yìntì, ìlú Ẹ̀pẹ́ ni mo ti kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìtàn. Síbẹ̀, ó pẹ́ kí ọwọ́ mi tó gbà á.

Nọ́ọ̀sì ni gbogbo ènìyàn ń pè é. Bí a bá ní "Nọ́ọ̀sì" lásán láàárín Ìmọ̀tà àti etí ọ̀sà, òun nìkan ni wọ́n mọ̀. Ọmọ Òkè-Apá ni, ìlú àwọn àgbẹ̀. Èmi jẹ́ ọmọ Ìdó-Ọ̀sà tó wà nísàlẹ̀, níbi tí a ti ń pẹja tí a sì ń wa ọkọ̀ ojú omi. Odò tẹ́ẹ́rẹ́ kan ló wà láàárín ìlú méjèèjì, ilé ìgbẹ̀bí tí ó ti ṣiṣẹ́ títí ó fi fẹ̀yìntì sì wà lẹ́bàá odò náà. Ènìyàn kúkúrú ni, ẹsẹ̀ rẹ̀ yá. Bí ó bá pàdé rẹ, àwùjẹ̀ rẹ ni yóò kọ́kọ́ wò kó tó wo ojú rẹ. Ìwà iṣẹ́ ni, kò lè fi sílẹ̀. Àwọn àgbà ọkùnrin tó ti pá lórí kì í fẹ́ràn rẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kò lè sọ ọ́, nítorí ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé òun ló gba àwọn ọmọ wọn.

Kì í fi orúkọ mọ ènìyàn. Bí wọ́n ṣe bí ọ ló fi ń mọ̀ ọ́. Ó lè jókòó ní sọ́ọ̀ṣì kó fọwọ́ tọ́ mi nígbà tí ìwàásù bá ń lọ lọ́wọ́, kó ní, "Ẹni tó ń ka Bíbélì yẹn, ọjọ́ ọjà ni mo gbà á. Kò sunkún. Mo lù ú nídìí, kò sunkún. Ẹ wá wò ó báyìí, kò fẹ́ jókòó mọ́."

Ní ọjọ́ kan ní Gáréèjì Ìkòròdú, a ń wá ọkọ̀ tó ń lọ sí Ìmọ̀tà. Ọmọkùnrin gìrìpá kan já báàgì gbà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń tì í wọ inú ọkọ̀ Ẹ̀pẹ́ tí a kò fẹ́ wọ̀. "Màmá, ẹ wọlé, ó kù ẹnì kan." Mo fẹ́ bínú. Àbẹ̀kẹ́ dúró, ó gbé ojú sókè wo orí ọmọ náà.

"Kí ni wọ́n ń pè ọ́?"

"Ìgè ni, Màmá. Ẹ wọlé, ẹ má jẹ́ kí wọ́n bú mi."

"Ìgè Ìdó-Ọ̀sà. Ọmọ Ìyá Múfú. Ẹsẹ̀ lo fi wáyé, gbogbo ilé ìgbẹ̀bí kò sùn nítorí rẹ."

Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Ọ̀kan ní, "Ìgè, o ò sọ fún wa rí pé wọ́n bí ẹ." Ọmọkùnrin náà dá báàgì padà, ó sì bá wa dá ọkọ̀ Ìmọ̀tà dúró. Nígbà tí ọkọ̀ fẹ́ gbéra, Àbẹ̀kẹ́ yọ orí jáde, ó ní, "Gbọ́, Ìgè. Ẹni tí mo bá fà jáde kì í tì mí wọlé."

A máa ń jà, n kò ní purọ́. Ó ní ohùn tíṣà ni mo fi ń bá ènìyàn sọ̀rọ̀ nínú ilé. Èmi náà ní ohùn rẹ̀ dà bí ti ẹni tó ń sọ fún aláboyún pé kó tì í. Kì í bẹ̀bẹ̀. Bí a bá jà, yóò se oúnjẹ tó dùn ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, yóò gbé e síwájú mi, yóò wá kọjú sí ògiri, yóò ní, "Ògiri, bá mi sọ fún bàbá yẹn pé oúnjẹ ti délẹ̀. Kì í ṣe pé mo ti ń bá wọn sọ̀rọ̀ o."

Ilẹ̀ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ dá ogun sílẹ̀ kò tó nǹkan. Ẹ̀yìn ilé ìgbẹ̀bí yẹn ni, láti ibi ògiri rẹ̀ títí dé etí odò. Ọmọdé lè ju òkúta sọdá rẹ̀. Kò sí ẹni tó bèèrè ẹni tó ni ín títí ìjọba fi da ọ̀dà sí ojú ọ̀nà, tí wọ́n wá ní kí ìlú kọ̀ọ̀kan wá ri pátákó mọ́ ibi tí ààlà rẹ̀ bá dé. Alápá, ọba Òkè-Apá, ní ilẹ̀ òun sọdá odò. Ọlọ́sà, ọba Ìdó-Ọ̀sà, ní ọ̀nà àtijọ́ tó wà lókè ilé ìgbẹ̀bí ni ààlà. Òkè-Apá ri pátákó tiwọn. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, kò sí níbẹ̀. Ìdó-Ọ̀sà náà ri tiwọn. Ẹnì kan fi ṣe igi ìdáná.

Ọ̀rọ̀ ẹnu ló wá sọ ọ́ di ńlá. Ará Ìdó-Ọ̀sà kan lọ sọ ní ọjà Ìmọ̀tà pé Alápá kọ́ ni ọba Òkè-Apá ń jẹ́ ní kíkún, alápámáṣiṣẹ́ ni. Kí ó tó délé, Òkè-Apá ti fèsì pé ẹni tó bá fẹ́ mọ orúkọ gidi tí Ọlọ́sà ń jẹ́, kó fi àmì sí abẹ́ "sà" yẹn kó tún un pè, yóò gbọ́ iṣẹ́ tó ń ṣe. Mo ti kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé pé àmì kékeré lè yí ọ̀rọ̀ padà. N kò mọ̀ pé ó lè kó ìbọn jáde. Àwọn ọlọ́kọ̀ ojú omi wa kọ̀, wọn kò kó gaàrí Òkè-Apá lọ sí Ìjẹ̀dẹ̀ mọ́. Òkè-Apá gé igi dí ọ̀nà. Wọ́n ṣá bíríkìlà kan ní èjìká. Àbẹ̀kẹ́ ló rán ojú egbò rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni Ọlọ́sà kéde pé òun fúnra òun yóò wá gbin pèrègún sí etí ààlà. Pèrègún ni àwọn bàbá wa fi ń pààlà. Èyí tí ọba bá sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbìn, ẹni tó bá hú u ti hú ọba. Kò pẹ́, Alápá kéde pé òun náà ń bọ̀ wá gbin tòun, ní àárọ̀ ọjọ́ kan náà. Gbogbo wa mọ ohun tí ìyẹn jẹ́. Adé tó bá ti jáde fún irú ìrìn yẹn kì í padà lásán. Bí ọba méjèèjì bá pàdé níbẹ̀, tí ẹnì kan kò sì lè yí ẹsẹ̀ padà, àwọn ọmọkùnrin tó tẹ̀ lé wọn ni yóò bá wọn parí rẹ̀.

Wọlé, àbíkẹ́yìn wa, wà lára wọn. Lásún, ọmọ àbúrò Àbẹ̀kẹ́, ló kó àwọn ọ̀dọ́ Òkè-Apá sòdí. Ọ̀sẹ̀ kan náà ni wọ́n bí àwọn méjèèjì. Ilé wa ni Lásún gbé nígbà tó ń kàwé, orí ẹní kan ni wọ́n ń sùn.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, Wọlé ń pọ́n àdá lẹ́yìn ilé ìdáná. Àbẹ̀kẹ́ pe Lásún lórí fóònù, ó sì gbé ohùn rẹ̀ síta kí gbogbo wa lè gbọ́.

"Lásún, ṣé o ti jẹun?"

"Mo ti jẹun, Àǹtí. Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o."

"Kí lò ń ṣe lọ́wọ́?"

"Kò sí, Àǹtí. Mo kàn jókòó ni."

"Ìró òkúta tí mò ń gbọ́ lẹ́yìn rẹ yẹn ńkọ́?"

Ìró náà dá dúró. Wọlé náà dá ọwọ́ dúró níbi tó wà.

"Ẹ má dúró," Àbẹ̀kẹ́ ní. "Wọlé ń pọ́n tiẹ̀ níbí. Ẹ jọ máa pọ́n ọn. Kí ẹ ṣáà rí i pé ó mú dáadáa, nítorí àdá tí kò mú kì í jẹ́ kí n rí ojú egbò rán."

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo bá a níwájú dígí. Ó ti wọ aṣọ funfun iṣẹ́ rẹ̀, èyí tó ti ká sínú àpótí láti ìgbà tó ti fẹ̀yìntì. Ikùn rẹ̀ ti ju aṣọ náà lọ. Bọ́tìnnì àárín kò pa dé mọ́. Ó fún mi ní pín-ìnnì pé kí n bá òun fi so ó pọ̀. Mo so ó pọ̀.

"Níbo lò ń lọ?"

"Ibi iṣẹ́."

"Àbẹ̀kẹ́, o ti fẹ̀yìntì."

"Ẹ̀yìn nìkan ni mo fi tì," ó ní. "Ojú mi ṣì là."

Mo tẹ̀ lé e. Igi àgbọn ló kún ẹ̀yìn ilé ìgbẹ̀bí, wọ́n ti ga, wọ́n sì ti so. Àwọn ọba méjèèjì ti dé, ọ̀kan láti òkè, ọ̀kan láti ìsàlẹ̀, agboòrùn ńlá lórí wọn, àwọn ọmọkùnrin sì kún ẹ̀yìn wọn bámúbámú pẹ̀lú àdá àti ìbọn ọdẹ. Àbẹ̀kẹ́ gba àárín wọn kọjá lọ sábẹ́ àgbọn. Ó kúnlẹ̀ kí Ọlọ́sà, ó yípadà, ó kúnlẹ̀ kí Alápá, ó dìde, ó sì gbọn eruku kúrò lórúnkún. Ọkùnrin tó gbé ọkọ́ fún Ọlọ́sà ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti gbẹ́ ihò pèrègún.

"Kábíyèsí," ó ní, "ẹ má jẹ́ kí wọ́n gbẹ́ ibẹ̀. Ibi wà ní ibi yìí."

Ọkùnrin náà ju ọkọ́ sílẹ̀ bí ẹni pé ó gbóná. Agboòrùn méjèèjì fà sẹ́yìn. Ní irú àárọ̀ bẹ́ẹ̀, ibi tí à ń sá fún ni gbogbo ènìyàn gbọ́ lẹ́nu rẹ̀, àwọn kan sì ti ń fi ọwọ́ yí orí wọn ká. Ó jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Mo mọ̀ ọ́n. Ó mọ̀ọ́mọ̀ ni.

Ọlọ́sà bèèrè pé, "Irú ibi wo ni, Nọ́ọ̀sì?"

"Ibi ọmọ ni, Kábíyèsí."

"Ọmọ ta?"

"Àwọn ọmọ tó gbé àdá tẹ̀ lé yín yìí."

Ó wá sọ ọ́ fún wọn. Àwọn ìyá tó bímọ nígbà tí odò kún, tí wọn kò lè sọdá, àti àwọn tí ọkọ wọn kò sí nílé láti wá gbé ibi lọ sin, ẹ̀yìn ilé ìgbẹ̀bí níbẹ̀ ni ó sin ín sí fún wọn, ó sì gbin àgbọn lé ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kò ya ti òkè sọ́tọ̀ kúrò lára ti ìsàlẹ̀. Ibi tí ọkọ́ bá ti wọlé ló ń sin ín sí. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í na ìka.

"Ìwọ tó gbé ìbọn, ọmọ Alágbẹ̀dẹ, tìrẹ ni èyí tó wà létí odò yẹn. Ìwọ onífìlà pupa, èyí tó wà nídìí ògiri. Ìgè, má sá pamọ́, mo ti rí ọ. Èyí tó ṣe wọ́rọ́kọ́ yìí ni tìrẹ. Ẹsẹ̀ lo fi wáyé, igi rẹ náà kò mọ ọ̀nà òkè."

Òkè-Apá ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni àwọn ará ilé Ìgè fúnra wọn kò lè mú un mọ́ra. Àwọn ọmọkùnrin bẹ̀rẹ̀ sí í fi ojú wá igi wọn. Àwọn kan ti lọ dúró tì í láìmọ̀ pé àwọn ti kúrò lẹ́yìn ọba.

"Wọlé. Lásún. Ẹ bọ́ síbí."

Wọ́n jáde láti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Ó mú wọn lọ sí ìdí àgbọn méjì tó tẹ̀ síra wọn, tí imọ̀ wọn sì ti lọ́ mọ́ra lókè.

"Tiyín nìyí. Ọ̀kan jẹ́ ti Òkè-Apá, ọ̀kan jẹ́ ti Ìdó-Ọ̀sà. Ẹni tó bá mọ tirẹ̀ kó gé ti ẹnì kejì, kí àwọn Kábíyèsí lè rí àyè gbin pèrègún."

Wọlé wo Lásún. Lásún gbé orí sókè, ó wo àgbọn, ó ní, "Àǹtí, èwo ni tèmi?" Wọlé ló kọ́kọ́ fi àdá rẹ̀ sílẹ̀, ó rọra tẹ́ ẹ sílẹ̀ bí ẹni tó ń tẹ́ ọmọ.

Alápá ló sọ̀rọ̀ lẹ́yìn náà. Ó dàgbà ju Ọlọ́sà lọ, ohùn rẹ̀ kò sì ròkè. "Ọlọ́sà, ní ilé tiyín, ṣé wọ́n máa ń gbin pèrègún lé ibi ọmọ lórí?"

"Wọn kì í ṣe é. Ní tiyín ńkọ́?"

"Wọn kì í dán an wò."

Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí àwọn méjèèjì bá ara wọn sọ̀rọ̀ láti ìgbà tí ìjà ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní kí Nọ́ọ̀sì gba pèrègún méjèèjì. Ó gbìn wọ́n sí iwájú ilé ìgbẹ̀bí, ọ̀kan ní apá ọ̀tún ọ̀nà, ọ̀kan ní apá òsì. Àárín wọn ni àwọn aláboyún ń gbà wọlé títí di òní. Adé méjèèjì padà sílé pẹ̀lú ọlá, nítorí pé ohun tí wọ́n kọ̀ láti ṣe, èèwọ̀ ni.

Nígbà tí a délé, mo ń bá a yọ pín-ìnnì kúrò láyà aṣọ rẹ̀. Mo bi í bóyá lóòótọ́ ló mọ gbogbo igi yẹn.

"Méjì ni mo mọ̀," ó ní. "Ti Wọlé àti ti Lásún."

"Àwọn yòókù ńkọ́?"

"Ibi wọn wà níbẹ̀ lóòótọ́. Igi tó jẹ́ ti ẹnì kọ̀ọ̀kan, Ọlọ́run ló mọ̀ ọ́n."

"Irọ́ lo wá pa fún ọba méjì."

"Kì í ṣe irọ́, Bàbá Bùnmi. Ìrọbí ni."

Mo ti ka ìtàn ogun púpọ̀, mo sì ti fi kọ́ni. Mo mọ bí ogun ṣe ń bẹ̀rẹ̀: ó ń bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ẹni ńlá kò bá rí ọ̀nà tó lè gbà padà tí ojú kò ní í tì í. Ọ̀nà yẹn ni ìyàwó mi rí, inú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí gbogbo wa ń sọ lójoojúmọ́ ló sì ti rí i. Bí mo bá ń fi í yangàn, ẹ má bá mi wí.

Ọba méjèèjì fẹ́ fi í joyè. Òkè-Apá ní ọmọ àwọn ni. Ìdó-Ọ̀sà ní aya àwọn ni. Wọ́n tún fẹ́ jà sí i. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn méjèèjì, ó sì kọ̀. "Bí mo bá gba ti ẹnì kan," ó ní, "orí mi ni ẹ ó wá gbin pèrègún sí."

Nígbà tó kú, mo bẹ̀rù pé irú ọ̀rọ̀ yẹn yóò tún ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n Lásún àti Wọlé ló jọ gbẹ́ ilẹ̀ rẹ̀ nínú ọgbà wa, kò sì sí ẹni tó bèèrè ìlú tó ni òkú.

Kò pẹ́ tí Ṣadé fi rọbí. Ó ní òun kò ní bímọ ní Ìkòròdú tí òun ń gbé, ilé ìgbẹ̀bí Màmá ni òun ń lọ. Ọkọ rẹ̀ wà lẹ́nu iṣẹ́ lójú òkun. Gbogbo ilé ti pinnu pé obìnrin ni yóò bí, orúkọ Ìyábọ̀ ti wà lẹ́nu wọn. Ọkùnrin ló bí. Ó ké tó bẹ́ẹ̀ tí a fi gbọ́ ọ láti ìta. Nọ́ọ̀sì ọ̀dọ́ tó wà níbẹ̀ gbé ibi jáde nínú ìkòkò, ó ní, "Ta ni yóò bá wa sin ín?" Gbogbo wọn wo ẹ̀gbẹ́ mi, ibi tí Àbẹ̀kẹ́ ìbá dúró sí. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wò mí.

Mo gba ìkòkò náà. Wọlé ní kí n jẹ́ kí àwọn ọ̀dọ́ gbẹ́ ẹ. Mo ní rárá, kó fún mi ní ọkọ́. Àyè kan ṣì wà láàárín àgbọn Ìgè àti etí odò. Mo gbẹ́ ẹ títí ó fi dé orúnkún mi, kí ajá má baà hú u. Mo ń sinmi, mo tún ń gbẹ́ ẹ. Nígbà tí mo fẹ́ gbé e sínú ilẹ̀, mo dúró, n kò mọ ẹ̀gbẹ́ tó yẹ kó kọjú sókè. Mo wá rántí pé Àbẹ̀kẹ́ máa ń sọ fún àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀, ó sì máa ń le mọ́ wọn: "Okùn rẹ̀ sí òkè. Ẹni tó bá dojú ibi délẹ̀, ó ti ilẹ̀kùn mọ́ ìyá ọmọ, kò ní bí òmíràn mọ́." Mo yí i padà. Mo da erùpẹ̀ bò ó, mo gbé àgbọn tó ti hù lé e, mo sì rọra fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ rẹ̀ yí ká, díẹ̀díẹ̀.

Mo fọ ọwọ́ mi nínú odò. Mo wọlé lọ bá Ṣadé, mo sì sọ fún un pé mo ti sin ín, okùn rẹ̀ sí òkè.